Ìwọ́ Mi Tó Wà Nínú Rọ́bà Ọ̀dà

Èmi, Christopher Adéwùnmí Àkàngbé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Kírísì Olóko, tí mò ń gbé ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé aláwọ̀ ewé kan ní Sùúrùlérè. Èmi tí ọsàn wẹ́wẹ́ mi so nínú rọ́bà ọ̀dà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn alátẹ Ọ̀yìngbò fi ránṣẹ́ wá bẹ̀ mí pé kí n má ba ọjà jẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Èmi tí mo kọ́ sitọrọbẹ́rì, èso òyìnbó, ní èdè Yorùbá. Èmi tí òjò máa ń bi léèrè kó tó rọ̀: mo kọ ìwé yìí pẹ̀lú ọpọlọ pípé, ara líle àti bírò ara mi. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi. Mi ò mutí, oorun ò sì kùn mí.

Kí ẹni tó bá ń kà á má tíì bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Mi ò kú. Ní Sátidé tó ń bọ̀ ni mò ń wọkọ̀ lọ sí Jọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá mi, nítorí pé Màmá Hilda Àkàngbé, ìyá bàbá mi tó tọ́ mi dàgbà, ti papòdà nígbà ọyẹ́, onílé sì ti ta ilé yìí fún àwọn tó fẹ́ wó o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ síbi tí kò ti ní lè bomi rin ohun tó gbìn mọ́, òkú ni lójú ohun tó gbìn. Nítorí tiwọn ni mo ṣe ń hágún.

Bùrọ̀dá Dennis tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ lọ́yà ní Yaba ní òfin ò gba ìwé ìhágún lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Mo ní kó lọ bi tòmátì mi bóyá ó mọ ọjọ́ orí mi.

Mo yan Àǹtí Rónkẹ́, olùkọ́ tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, láti rí i pé wọ́n pín nǹkan wọ̀nyí bí mo ṣe kọ ọ́. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bírò pupa kàn án.

1. Ẹfirin tó wà nínú àwọn àpò sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, gbogbo rẹ̀ pátá, mo fi í sílẹ̀ fún Ìyá Haleemah, ará ìsàlẹ̀ wa.

Kí wọ́n gbé e tàpò-tàpò. Nígbà tí iná bá lọ, tí ooru sì mú bí ẹni pé wọ́n dé ìkòkò lé gbogbo Sùúrùlérè lórí, ẹni tó bá fọwọ́ ra ewé yẹn tó sì fi sí imú, ara rẹ̀ á fúyẹ́. Màmá máa ń rà á sí iwájú orí, wọ́n á ní, "Kírísì, fáànù tèmi nìyí, kì í mu epo."

Èmi ni mo kọ́ pátákó sí i lọ́rùn pé ọwọ́ ẹni tó bá já a á wú. Ìyá Haleemah ka pátákó náà, síbẹ̀ wọ́n já ewé náà, nítorí inú ń run Haleemah. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mo pè wọ́n lólè níwájú ọmọ tí wọ́n gbé dání. Wọ́n kàn gbójú sókè, wọ́n ní, "Ó dáa, Olóko. Tí ọmọ bá ṣu tán, mà á kó o wá fún ẹ, kóo fi ṣe ajílẹ̀." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó ju ọdún kan lọ kí n tó mọ̀ pé èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, kí ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá Haleemah. Mo ti fi pátákó yẹn dáná.

2. Gálọ́ọ̀nù òróró tí mo fi ìṣó lu nídìí tí mo fi ń bomi rin oko, ọ̀bẹ ìdáná tí kò ní èèkù mọ́, àti asẹ́ ògì Màmá: mo fi wọ́n sílẹ̀ fún Teslim, ọ̀rẹ́ mi, ará Múṣín.

Teslim ló kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí ìwé yìí. Bùrọ̀dá Dennis wá ṣàlàyé pé ẹni tó bá ń jogún kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Teslim ronú díẹ̀, ó ní, "Gbé gálọ́ọ̀nù mi fún mi jàre. Ta ló ń jẹ ẹlẹ́rìí?"

Èmi àti ẹ̀ la jọ máa ń wá erùpẹ̀ kiri. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Oòrùn Èkó le, òótọ́ ni. Ó máa ń gbá lára sìmẹ́ńtì fàráńdà wá sójú ewé títí ewé á fi ká bíi sìgá. Èéfín jẹnẹrétọ̀ náà le. Òjò oṣù Kẹfà máa ń lu ata títí òdòdó rẹ̀ á fi gbọ̀n dànù. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ ló le jù, nítorí wọ́n ti da sìmẹ́ńtì bo gbogbo ilẹ̀ tán. Nígbà tí wọ́n bá kó gọ́tà, erùpẹ̀ dúdú tí wọ́n kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì la máa ń lọ bù, tòun ti ìgò fífọ́ àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Ọjọ́ kan la fi asẹ́ Màmá sẹ́ ẹ. Mo fọ asẹ́ náà, mo fi ẹ̀mí mi búra pé mo fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ògì tí a mu láàárọ̀ ọjọ́ kejì ń dún mọ́ wa léyín. Màmá mu tiwọn tán. Wọ́n ní ògì ọjọ́ náà ní ara. Nígbà tí wọ́n fi máa ti ọjà dé, wọ́n ti ra asẹ́ tuntun. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Ó ṣì ń dún mọ́ mi léyín.

3. Àwọn abọ́ ike tó ṣófo, tó wà lábẹ́ fèrèsé, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún bàbá mi ní Jọ́ọ̀sì. Èmi fúnra mi ni màá gbé wọn lọ.

Wọn ò ṣófo nígbà tí wọ́n dé. Iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá àgbà mi ṣe ní Jọ́ọ̀sì, ibẹ̀ sì ni Màmá lo ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Wọ́n ní lọ́hùn-ún, kábéèjì máa ń di orí bí orí ọmọ jòjòló, èèyàn á sì já sitọrọbẹ́rì láàárọ̀ pẹ̀lú súẹ́tà lọ́rùn. Ilá ni kò gbọ́ tiwọn. Tí ọyẹ́ bá dé, ilá á dúró ní kókósẹ̀, á kọ̀ jálẹ̀. Màmá á wá máa kó abọ́ ilá wọlé nírọ̀lẹ́ bí ẹni ń kó adìyẹ, wọ́n á tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ àdògán. Ìyàwó òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n jọ ń gbé bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń sin ilá ni. Nígbà tí wọ́n padà sí Èkó, tí ilá ń hù láìgbìn, sitọrọbẹ́rì ló wá kù tí wọ́n ń lálàá rẹ̀.

Ni bàbá mi bá fi ọmọ sitọrọbẹ́rì ránṣẹ́ láti Jọ́ọ̀sì, nínú àwọn abọ́ ike yìí, tí wọ́n fi ọ̀rá tútù bò. Mo ti gbọ́ pé òtútù ló ń fẹ́. Mo lọ ra áìsì blọ́ọ̀kù lọ́dọ̀ ẹlẹ́ja, mo fọ́ ọ wẹ́wẹ́, mo tò ó yí ìdí rẹ̀ ká láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Nígbà tí iná dé, mo yí fáànù sí i. Azeezah, àbúrò Ìyá Haleemah tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ nísàlẹ̀, gbójú sókè wò mí, ó ní, "Olóko, ó ku kóo rán súẹ́tà fún un. Ṣé kí n bá ẹ wọ̀n ọ́n?"

Ó yọ òdòdó funfun kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ rà, ó sì ń rùn bí ẹja. Màmá jókòó tì mí lórí àga wọn ní gbogbo ìgbà yẹn. Wọ́n ti gbìn ín rí. Mi ò bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan, nítorí mo ti sọ fún gbogbo ilé pé mo mọ̀ ọ́n. Ìgbà tó kú tán ni wọ́n tó sọ ọ́, ohùn wọn ò sì le: "Òru tó ń tutù fúnra rẹ̀ ló ń wá, Kírísì. Wọn kì í ta ìyẹn l'Ọ́yìngbò."

Dádì, tí mo bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi. Màá bi yín ní ìbéèrè.

4. Gbèsè tó wà lọ́rùn mi: ọpẹ́ kan, tí mo jẹ Azeezah tí mo dárúkọ lókè yìí.

Ìjà wa ti pẹ́. Omi ẹlẹ́rùpẹ̀ ló kán láti fàráńdà mi sórí aṣọ oníbàárà tó ń rán. Ó gbé aṣọ náà gòkè wá fi hàn mí. Dípò kí n bẹ̀ ẹ́, mo ní ọwọ́ rẹ̀ ò dáa, pé bó bá gbin ìṣó gan-an, ìṣó yẹn á rọ. Mo sọ ọ́ kí ìsàlẹ̀ lè gbọ́, wọ́n sì gbọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n dá Màmá dúró sí ọsibítù. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni mò ń sùn, lórí ẹní. Ètè gbogbo èèyàn ló ń là, ilẹ̀ gbẹ bíi gúgúrú, mo sì ti fi oko mi sílẹ̀ fún ikú. Ọjọ́ tí mo padà wá mú aṣọ, gbogbo oko náà tútù yọ̀yọ̀. Erùpẹ̀ rẹ̀ ṣì ń kán. Kí ni mo sọ? Mo dúró lágbàlá, mo ní ìrì máa ń sẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ràn. Azeezah dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ìsàlẹ̀ ìró rẹ̀ tutù. Ó ní, "Ìrì Èkó mà ti gbọ́n o. Ó ti ń gun àtẹ̀gùn." Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò yé, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Mi ò tíì san án títí di òní. Azeezah, o ṣeun. Ọwọ́ rẹ dáa.

5. Rọ́bà ọ̀dà funfun tí igi ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, tòun ti erùpẹ̀ rẹ̀, tòun ti ohun tó wà lábẹ́ erùpẹ̀ náà: Azeezah ni mo fi í sílẹ̀ fún, kí ẹnikẹ́ni má bá a du ú.

Torí rọ́bà yìí ni mo ṣe jókòó kọ ìwé. Nígbà tí wọ́n bí mi, ọ̀dọ̀ Màmá ni ìyá mi wà. Nígbà tí ìwọ́ mi já, Màmá di í sínú òwú, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa sin ín sí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà. Onílé ìgbà náà ti da kọnkéré bo àgbàlá, ó ní ẹni tó bá gbẹ́ ẹ á kó jáde. Ni Màmá bá bu erùpẹ̀ sínú rọ́bà ọ̀dà, wọ́n sin ìwọ́ mi sísàlẹ̀, wọ́n sì gbin hóró ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí.

Tí wọ́n bá ń bi àwa ọmọ kíláàsì níbi tí wọ́n sin ìwọ́ wa sí, àwọn kan á ní Ìjẹ̀bú, àwọn kan á ní Òṣogbo. Èmi á ní fàráńdà. Ìlú tèmi ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti kó kúrò nílé, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ìlú mi jókòó sórí itan Màmá níwájú ọkọ̀, tí wọ́n fi ìborùn bò ó kí afẹ́fẹ́ má ya ewé rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé Màmá kúrò ní ọsibítù wá sílé, wọ́n pè mí. Wọ́n ní gbòǹgbò igi náà ti ń pòòyì nínú rọ́bà, kò ríbi lọ mọ́. "Wá ilẹ̀ fún un, Kírísì. Ilẹ̀ gidi, tí ẹnikẹ́ni ò ti ní sọ fún un pé kó kó jáde." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ní ilẹ̀ mẹ́ta ni mo ti rí ní Yaba, mo kàn ń yan èyí tó wù mí nínú wọn ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sùn. Wọn ò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọjọ́ tí a sin wọ́n, igi náà ṣì wà ní fàráńdà, mo sì jókòó tì í títí àwọn àlejò fi lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lóòótọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ to íńtálọ́ọ̀kù sí gbogbo àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Iléèwé wa ní àwọn fẹ́ kọ́lé síbi tí mo rí. Mo gbẹ́ ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà kan nítòsí Stadium, ẹ̀ṣọ́ lé mi títí mo fi gbàgbé bàtà kan. Bàbá mi ní kí n gbé e bọ̀ ní Jọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n Màmá ti gbé ọsàn wẹ́wẹ́ kékeré lọ síbẹ̀ rí nígbà tí wọ́n jẹ́ ìyàwó tuntun. Oṣù Kìíní ni ọyẹ́ jó ewé rẹ̀ bí ẹni fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn sunkún rẹ̀ bí èèyàn. Mi ò lè gbé ìwọ́ mi lọ sínú òtútù kó lọ kú níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Azeezah kan ilẹ̀kùn. Bàbá wọn, Bàbá Yẹ̀kínnì, káfíńtà ni ní Múṣín, nínú ilé ẹbí wọn. Ẹ̀yìn ilé ìdáná níbẹ̀, ilẹ̀ kan wà tó fẹ̀ tó ẹní, tí wọ́n máa ń da ìfọ́ pákó sí, tí kò sí sìmẹ́ńtì lórí rẹ̀. Ó ti bá wọn sọ̀rọ̀ kó tó sọ fún mi. Ó wò mí títí ó fi sú u, ó ní, "Olóko tí ò nílẹ̀, ṣé o ò ní wá wò ó ni?"

Mo lọ wò ó. Bàbá Yẹ̀kínnì fi ẹsẹ̀ gbá ìfọ́ pákó sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi hàn mí: erùpẹ̀ pupa, gidi. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó ń so dáadáa?" Mo ní, "Bàbá, ó ń so bí ẹni tí wọ́n sanwó fún." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kan èèkàn mọ́ ibẹ̀.

Azeezah, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ni kóo gbìn ín. Má fa igi náà lọ́rùn yọ. Gé rọ́bà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóo sì gbé gbogbo rẹ̀ sọ̀ pẹ̀lẹ́. Gbòǹgbò tó bá ti pòòyì, fi ọ̀bẹ là á kó lè dojú kọ ìta. Ìfọ́ pákó ò gbọdọ̀ kan ìdí rẹ̀. Tí ohun kékeré kan bá wà nísàlẹ̀ pátápátá tí kò jọ erùpẹ̀, èmi nìyẹn. Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Kí o má sì fi áìsì blọ́ọ̀kù sí i.

6. Tòmátì, ata àti gbogbo ohun mìíràn tí mi ò dárúkọ, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé kó o, kí katapílà tó dé. Fàráńdà náà, mo dá a padà fún oòrùn.

Mo fọwọ́ sí i ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Sùúrùlérè, Èkó, ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Christopher Adéwùnmí Àkàngbé (Kírísì Olóko)

Àwọn tó wò mí bí mo ṣe ń fọwọ́ sí i, tí àwọn náà sì fọwọ́ sí i:
Rónkẹ́ Adéníran, olùkọ́
Yẹ̀kínnì Aminullah, káfíńtà, Múṣín

Àfikún, fún Azeezah.

Àwọn ẹlẹ́rìí ti sọ̀ kalẹ̀ lọ kí n tó kọ èyí. Bí bàbá yín ṣe ń fi pẹ́ńsùlù wọn fọwọ́ sí i, wọ́n ní àwọn á máa fún ọsàn mi sórí ẹja yíyan. Láti ìgbà yẹn ni inú mi ò ti balẹ̀.

Ẹnikẹ́ni l'Ọ́yìngbò ò mọ̀ mí. Òjò ò bi mí ní nǹkan kan rí. Àwọn ìyẹn, o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n igi náà ò so rí, Azeezah. Kò so ẹyọ kan. Mi ò lè jẹ́ kí bàbá yín gbẹ́lẹ̀ fún èso tí kò sí.

Nígbà tí Màmá ti ọsibítù dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ tọ́ ọsàn lára igi ìwọ́ mi wò. Mo lọ ra ọ̀kan. Òwú aláwọ̀ ewé tí mo tọrọ lọ́wọ́ rẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tí o ò bi mí ní ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, òun ni mo fi dè é mọ́ ẹ̀ka. Mo gbé rọ́bà náà lọ síwájú bẹ́ẹ̀dì, mo ní, "Màmá, ẹ já a fúnra yín." Wọ́n nawọ́, wọ́n fà á. Kò já. Wọ́n tún fà á, gbogbo igi náà tẹ̀ wá. Mo ti dè é le jù.

Màmá wo òwú náà. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní kí n fi ọ̀bẹ la ọsàn náà lórí ẹ̀ka níbẹ̀, wọ́n fi ahọ́n kàn án, wọ́n sì di ojú. "Ó kan dáadáa," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n má tú òwú náà, kí igi náà lè rántí ibi tó yẹ kó gbé tirẹ̀ kọ́.

Sọ fún bàbá yín kí wọ́n tó gbẹ́ ihò. Tí wọ́n bá yọ èèkàn wọn, má bínú sí wọn. Gbogbo èso tó wà nínú ìwé yìí, èmi ni mo fi ẹnu so ó. Òwú nìkan ni òótọ́. Ó ṣì wà lórí ẹ̀ka tó kọjú sí fèrèsé Màmá.